Kókó Okùn Tó Ń Tú ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Keje, 2024

Òjò àná: mílímítà mẹ́rìndínlógún. Ó pẹ́ tí ìjọba ti fẹ̀yìn mi tì nídìí iṣẹ́ wíwọn òjò àti odò, ṣùgbọ́n ìgò tí mo fi ń wọn òjò ṣì wà lẹ́yìnkùlé, n kò sì lè jí láìwò ó.

Adédìran, àbúrò Susannah ìyàwó mi, gbé bàbá wọn dé láti ọsibítù ní Iléṣà nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Ó tẹ́ ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá kí gálọ́ọ̀pù má baà pa ẹ̀yìn Bàbá lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní oko kòkó wọn ní Ìpetu. Eegun ẹ̀yìn kò kán, ó sán ni. Ọwọ́ òsì kò gbọ́ tiwọn mọ́, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ọ̀tún ṣì le bí igi.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, kí n má lọ wá di aláìsàn kejì.

A ti palẹ̀ yàrá Awwal ọmọ wa mọ́ fún wọn: mátírẹ́ẹ̀sì tuntun, ìrọ̀rí mẹ́rin, fáànù. Bàbá wo ibùsùn náà dáadáa, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì sùn sórí àga.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Keje

Orí àga náà ni títí di òní. Humairah, nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa, yà wo Bàbá kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú. Ojú kan sì ti ń pọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Ó pe èmi àti Susannah sí kọ̀rọ̀, ó ní bí ibẹ̀ bá di egbò, ọsibítù la tún ń padà sí yẹn, àti pé irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹni tó dàgbà tó báyìí sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sùn. Kí ẹsẹ̀ ga lọ́sàn-án nítorí wíwú, kí orí ga lálẹ́ nítorí ikọ́ tó ń ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n orí mátírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yìn wọn kò gbà á. Susannah wá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń sùn lóko. Bàbá wò ó bíi pé ó bi wọ́n ní orúkọ ara rẹ̀. Nínú àwọ̀n ni. Àwọ̀n tí wọ́n gbé bọ̀ láti Kùmásì nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa padà wálé, tí wọ́n so kọ́ sáàárín òpó méjì ní abà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n ti ń sùn nínú rẹ̀, mo sì ti gbàgbé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n so ọ̀kan fún wọn níbí. Bàbá wo òpó kọnkéré méjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ní òpó náà dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje

Kò sí òjò. Télọ̀ ti rán kanfáàsì tí Bàbá máa sùn sínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn ló kù. Mo rò pé ìyẹn ló máa rọrùn jù.

Mo lọ bá Ìyá Kifayat tó ń ta okùn ní ọjà Ìgbọ̀nà. Ó bi mí pé, "Alájì, ewúrẹ́ mélòó lẹ fẹ́ so?"

Mo ní kì í ṣe ewúrẹ́, àna mi ni.

Ó gbé ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. "Àna lẹ fẹ́ so?"

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dákẹ́ ẹ̀rín. Mo ṣàlàyé. Ó wá kó okùn jáde: ti ọ̀rá tó ń dán, ti òwú tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ti onírun tí àwọn Fúlàní fi ń so màlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Ti òwú ń jẹrà. Ti onírun ń họ ara. Ti ọ̀rá ń nà bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀. Mo béèrè èyí tí kò ní àbùkù kankan, ó ní kí n padà wá lọ́run. Mo ra ti ọ̀rá, aláwọ̀ búlúù. Iye tí mo fi ra ọ̀pá kan ìbá ti ra ọ̀pá mẹ́ta lọ́dún tó kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Keje

Mo so ó. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta sínú rẹ̀, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ láti Àílà títí di Alásàrí. Kò já, kókó rẹ̀ kò sì tú. Ìwọ̀n tí wọ́n wọn Bàbá ní ọsibítù kò tó ọgọ́ta kílò. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń wo ọwọ́ mi ju bí wọ́n ṣe ń wo kẹ́ẹ̀gì lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní mo ṣeun, mo káre.

Humairah ti ibi iṣẹ́ dé, ó bèèrè iye tí mo ń gbà lórí jangilófà, pé ọmọ òun ń bọ̀. Gbogbo ilé ló ti ń pè é ní jangilófà báyìí.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Keje

Mo bá Bàbá lórí àga láàárọ̀. Kókó tó wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ti tú, kanfáàsì náà sì ti wó sílẹ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ já kúrò lórí okùn.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣubú. Wọ́n ní rárá, wọn kò sí nínú rẹ̀ nígbà tó tú.

Èyí ni kò yé mi. Kókó tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ní ọ̀sán gangan tú nígbà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo tún un ta, mo fi gbogbo ara fà á. Ó dúró. Bóyá dídán okùn náà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Keje

Ó tún tú.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Keje

Òjò mílímítà mọ́kànlélógójì, èyí tó pọ̀ jù lóṣù yìí. Mo ti pààrọ̀ okùn ọ̀rá sí ti onírun lánàá. Òjò fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, okùn náà rin, kókó rẹ̀ wú, ó sì le bí èkùrọ́. Èmi fúnra mi kò lè tú u mọ́.

Nítorí náà, kò tú. Síbẹ̀ orí àga ni mo tún ti bá Bàbá. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún wọn ti ṣí sókè, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. Humairah wẹ̀ ẹ́, ó dì í. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ló há wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn wo? N kò bèèrè. A kì í da ìbéèrè bo àna ẹni.

Mo ti kọ ìtàn odò Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́jọ́ tó kún dé orí afárá, mo sì mọ ohun tó fà á kí omi tó fà. Okùn ọ̀pá mẹ́rin ló wá ń dà mí láàmú yìí.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Keje

Humairah ní a kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí Bàbá bá tiẹ̀ gbà láti sùn nínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ lè gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́sàn-án kí a sì gbé orí sókè lálẹ́. Ta ni yóò máa tú kókó tó le bí èkùrọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?

Adédìran fi fídíò kan ránṣẹ́ láti Ẹ̀sà-Òkè. Okùn kan wà tí wọ́n hun bí irun, tí inú rẹ̀ sì ṣófo. A ó ti orí rẹ̀ bọ inú ikùn ara rẹ̀, a ó sì yọ ọ́ jáde níwájú, yóò wá di òrùka ńlá. Bí a bá fa ìrù rẹ̀, òrùka náà á kéré, ibùsùn á ga. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ibùsùn á wálẹ̀. Bí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀, ikùn okùn náà á fún èyí tó wà nínú rẹ̀ mọ́ra, kò ní yọ̀. Kò sí kókó kankan níbẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó yé mi, lẹ́yìn náà kò tún yé mi mọ́.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, nítorí Ìyá Kifayat kò ní irú rẹ̀. Mo rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ tírélà. Funfun ni, ó fúyẹ́, ó sì ń fún mọ́ra bí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo. Òun náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì wò mí bíi pé èmi ni mo lu ihò sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Keje

Mo ti orí okùn bọ ìdí bírò kan tí mo yọ yíǹkì rẹ̀ kúrò, ìyẹn ló ń tọ́ ọ wọ inú ikùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i. Òrùka kékeré tó máa wà lára ìkọ́ irin tí mo fi sára òpó kò gbọ́dọ̀ máa sún, nítorí náà mo fi òwú télọ̀ rán an pa, abala méjì. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Ó dúró. Mo fa ìrù rẹ̀, orí ga. Mo dẹ̀ ẹ́, orí wálẹ̀. Susannah pàtẹ́wọ́. Bàbá ní iṣẹ́ ńlá ni.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Keje

Òwú ti gé. Òrùka kékeré ti fà yọ. Orí àga.

Mo fi awò wo òwú náà. Kì í ṣe pé ó já, wọ́n gé e ni, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru. Èkúté ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Keje

Mo da àlẹ̀mọ́ èkúté sí ìdí òpó méjèèjì. Ó mú alángbá kan àti sílípáàsì Susannah ẹsẹ̀ òsì. Susannah kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n ní èkúté ilé yìí gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹjọ

Mo fi òwú àwọ̀n ẹja rán an dípò ti télọ̀. Wọ́n tún gé e. Kò sí ìgbẹ́ èkúté, kò sí ipa ẹsẹ̀ nínú ìyẹ̀fun tí mo fọ́n sílẹ̀. Kò sí ohun tó jẹ búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ibẹ̀. Irú èkúté wo ló ń fi búrẹ́dì sílẹ̀ tó ń jẹ òwú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹjọ

Aránbàtà tó wà ní ìkòríta fún mi ní òwú tirẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi ìda pa. Ó ní kò sí eyín tó lè gé e. Òótọ́ ni. Láàárọ̀ yìí, òwú náà wà bí mo ṣe rán an, ṣùgbọ́n ó tutù díẹ̀ lójú kan, nígbà tí òjò kò sì rọ̀.

Orí àga ni Bàbá wà. Wọ́n sọ fún Susannah ní èdè Ìjẹ̀ṣà, kíákíá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọn kò bá fẹ́ kí etí ará Òṣogbo tètè mú un. Mo mú un. Wọ́n ní kí ó sọ fún Adédìran kí ó wá gbé àwọn padà sí Ìpetu.

Ìpetu, níbi tí kò sí ẹnì kankan nínú ilé.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kẹjọ

Èrò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìgboro, ọkọ̀ kò kọjá. Ojú pupa ẹ̀yìn Bàbá yẹn ti bẹ́. Kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Humairah wẹ̀ ẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ní òun á máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí Bàbá ṣì ń sùn lórí àga, kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́ nínú ilé. Susannah wọ ilé ìdáná, ó tan ẹ̀rọ ìlọta, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ẹkún rẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹjọ

Mo tètè kúrò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Alásàrí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà.

Bàbá wà ní ìdí òpó, wọ́n fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Okùn mi wà lẹ́nu wọn. Wọ́n fi eyín di òwú aránbàtà náà mú, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìrù okùn mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ń fà. Òógùn ń kán lágbárí wọn. Ọwọ́ òsì wà lórí itan bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Mo fi ẹ̀yìn rìn padà sí géètì. Mo hú ikọ́ gan-an, mo sì pẹ́ ní ṣíṣí géètì náà. Nígbà tí mo fi wọlé, wọ́n ti wà lórí àga, wọ́n ń wo ojú sánmọ̀. Wọ́n ní ó jọ pé òjò ń bọ̀.

Nítorí náà, kò sí èkúté. Kò sì sí àbùkù kankan lára okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n èyí tún rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló máa mú kí ẹni tí oorun ń pa máa tú ibùsùn ara rẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kẹjọ

Ohun tí mo rò ni pé ilé àna ń ni Bàbá lára. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo bàjẹ́ kí a lè dá wọn padà. Susannah ní kí n bi wọ́n. Mo ní báwo ni mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá tó fún mi ní ìyàwó kí n ní mo ká wọn mọ́? Ó ní, "Bàbá Awwal, ìtìjú yín ló máa pa bàbá mi." Ó lọ bi wọ́n fúnra rẹ̀. Wọ́n ní okùn dára, òpó dára, ọkọ rẹ̀ dára, oúnjẹ ilé wa dùn. Ó padà wá pẹ̀lú ìdáhùn yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kẹjọ

Èmi àti Adédìran lọ sí Ìpetu kó aṣọ Bàbá. Kòkó ti ń pọ́n lórí igi, kò sì sí ẹni tó máa já a. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé àwọ̀n Kùmásì náà ni mo máa tú gbé bọ̀, bóyá ohun tí ara wọn mọ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Ó wà ní abà, ó ti gbó, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ láàárín òpó méjèèjì. Lókè ẹnu ọ̀nà ni igbà wọn wà, èyí tí wọ́n fi gun ọ̀pẹ kí wọ́n tó ní oko kòkó. Mo na ọwọ́ sí kókó àwọ̀n. Adédìran di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Kókó Bàbá nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó rò ó títí. Olùkọ́ ni, ó máa ń ṣàlàyé nǹkan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní òun kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwọn.

Aṣọ nìkan la kó bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Kẹjọ

Mílímítà mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn Jímọ̀, mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, mo jíṣẹ́ oko: kòkó tó pọ́n, òrùlé abà tó ń jò. Wọ́n bèèrè àwọ̀n. Mo ní ó wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ tú u?"

"A kò tú u, sà."

"Igbà ńkọ́?"

"A kò fọwọ́ kàn án."

Wọ́n mi orí.

"Mùyídéènì, bàbá tó bí mi ló kọ́ mi ní ọ̀pẹ gígùn. Kò bá mi so igbà rí, ọjọ́ kan báyìí. Ó ní ẹni tí yóò gbé ara lé e ni yóò so ó. Èmi náà kò gun ohun tí ẹlòmíràn so rí, láti kékeré mi. Kì í ṣe pé kókó rẹ kò dára. Mo wo ọwọ́ rẹ, ó dára. Ara mi ni kò gbà. Bí mo bá ti jókòó sínú rẹ̀, ṣe ni gbogbo iṣan mi á le, mo ń dúró dè é kí ó já. Mo bá ní kí n tú u, kí n fọwọ́ ara mi so ó." Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn. "Mo lè tú nǹkan. So ni n kò lè so mọ́."

Mo sún mọ́ àga wọn, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Bí mo bá ní n kò lè gun okùn tí o so, mo bú ọ nínú ilé rẹ. Bí mo bá sì gùn ún, n kò lè sùn." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi ni èkúté yẹn."

Mo ní mo ti mọ̀, sà.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ta ló ń hú irú ikọ́ yẹn ní géètì ara rẹ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kẹjọ

Mo gé òwú mi kúrò. Mo fa okùn funfun náà yọ, mo dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tí mo rà á, mo sì tẹ́ ẹ síwájú Bàbá pẹ̀lú bírò, abẹ́rẹ́ àti òwú aránbàtà. Ní òru ni mo ronú dé ibẹ̀: okùn yìí kò ní kókó. Kókó ló ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Èyí, ìfà ni.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé àwọn ti wò mí ṣe é.

Wọ́n fi eyín di okùn mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ti bírò bọ ikùn rẹ̀. Ó yọ gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún yọ. Mo na ọwọ́ láìmọ̀, wọ́n wò mí, mo kó ọwọ́ padà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n di ìdí okùn náà mú, kí n má fà á, kí n má dẹ̀ ẹ́. "Ìwọ ni òpó." Mo di òpó. Susannah gbé oúnjẹ wá, ó sì tutù síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ló pẹ́ jù. Wọ́n tẹ okùn mọ́ itan pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ òsì, ìgbọ̀nwọ́ yẹn ṣì ní agbára díẹ̀, wọ́n sì ń rán an. Ojú ìrán náà kò dọ́gba. Òmíràn jìnnà, òmíràn gun orí ara wọn. Èmi ìbá ti tú u rán. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe apá kejì tán.

A fi òrùka kọ́ àwọn ìkọ́ irin. Mo fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Bàbá ní kí n fi omi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Wọ́n gbá orí okùn náà ní àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń gbá ẹ̀yìn ẹṣin, wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹjọ

Wọ́n sùn. Susannah ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn káàkiri ilé títí di aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kẹjọ

Wíwú ẹsẹ̀ Bàbá ti lọ sílẹ̀. Lọ́sàn-án, Bàbá á fa ìrù okùn ọwọ́ ẹsẹ̀, á ga. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á dẹ̀ ẹ́, wọ́n á fa ti ọwọ́ orí. Wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Okùn náà nà díẹ̀, ó tó ìbú ìka kan, wọ́n sì ti fà á padà kí n tó rí i.

Mo pàdé Ìyá Kifayat. Ó bèèrè àna tí mo so. Mo ní wọ́n ti so ara wọn.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹsàn-án

Egbò ti ń pa ojú dé. Humairah ti padà sí àwàdà: ó ní Bàbá ti gba jangilófà lọ́wọ́ mi, pé n kò ní rí owó gbà mọ́. Adédìran rí àwọn tó ń bá wọn já kòkó. Bàbá kò dárúkọ Ìpetu lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹsàn-án

Mílímítà méjìdínlógójì, òtútù sì wà. Lánàá ni Susannah tú ohun gbogbo kalẹ̀ láti fọ kanfáàsì. Òwú ti fẹ́ já lójú méjì, a ní láti tún un rán.

Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá le gbagidi. Ìka kò ká. Humairah ní làkúrègbé ni, òtútù ló fà á, yóò rọ̀ bí oòrùn bá yọ. Bàbá gbìyànjú láti mú abẹ́rẹ́, ó bọ́. Wọ́n tún un mú, ó bọ́. Mo ń wo ojú àgbàlá kí n má baà wò wọ́n. Mo ti ń ro ibi tí a máa gbé àga sí.

"Mùyídéènì."

"Sà."

"Wá rán an."

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Mo rán apá méjèèjì, ojú ìrán ń sún mọ́ra bí mo ṣe máa ń ṣe é. Wọn kò bá mi wí, wọn kò tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n ń wo òjò. Mo kọ́ òrùka, mo fa ìrù okùn, mo kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n dìde, wọ́n gbé ara lé e, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé. Wọn kò wo okùn náà rárá. Kí n tó kó abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n ti ń han-run.

Èmi ni mo dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀mẹta.